Àlhájà Mẹ́síkò àti Ata Dúdú Wọn

Ata gbígbẹ kan ṣoṣo ló mú mi. Ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí nígbà náà. Mo jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìlọta ìyá màmá mi ní Ìsọlọ̀, mò ń dúró kí oníbàárà ìkẹyìn lọ ká lè jẹun. Ìyá nu ọwọ́ wọn sára ìró, wọ́n wọ yàrá lọ, wọ́n sì gbé agolo kan jáde tí wọ́n fi ọ̀rá àti okùn dì lẹ́nu. Wọ́n mú nǹkan kan nínú rẹ̀, wọ́n fi lé mi lọ́wọ́. Mo rò pé awọ bàtà ni. Ó dúdú, ó ti hunjọ, èjìká rẹ̀ gbòòrò, ìdí rẹ̀ kúrú. Ká ní ó ṣì tutù ni, ǹ bá pè é ní ọmọ tàtàṣé tí ẹnì kan jókòó lé.

"Gbóòórùn rẹ̀," ni Ìyá wí.

Mo gbé e símú. Ẹ̀fín díẹ̀ ló kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn náà òórùn èso tó pọ́n jù, bí àgbálùmọ̀ tí èèyàn gbàgbé sínú àpò. Ìgbà tí mo rò pé ó ti parí ni ata wá rọra wọ imú mi, kò sì mú mi sín.

"Kí ni, Ìyá?"

"Ata ni. Ata tí kì í pariwo."

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ata ti wọ̀ mí lẹ́wù. Aránṣọ ni mí ní Òkè-Àfá, n kò jókòó ní kíláàsì iṣẹ́ àgbẹ̀ rí, ṣùgbọ́n gbogbo ìwé tí ọwọ́ mi bá tẹ̀ lórí ata ni mo ti kà. Mo mọ ìdí tí ewé ata fi ń ká bí etí ajá. Mo mọ̀ pé bí o bá gbin ata rodo sí ẹ̀gbẹ́ ata mìíràn, àwọn kòkòrò yóò gbé ìyẹ̀fun òdòdó láti orí ọ̀kan sí èkejì, àwọn ọmọ tí wọn yóò bí lọ́dún tó ń bọ̀ kò sì ní jọ bàbá tàbí ìyá. Ta ni mo fẹ́ bá sọ gbogbo èyí nígbà náà bí kò ṣe Ìyá? Àwọn nìkan ló ń gbọ́ ọ láì yán.

Ìdí tí ata dúdú yìí fi ṣe pàtàkì sí wọn kò le. Ìyá ti ṣèlérí fún ọ̀rẹ́ wọn kan lókè òkun pé àwọn yóò gbìn ín ní Ìsọlọ̀, yóò so, àwọn yóò sì lọ̀ ọ́ nínú ẹ̀rọ àwọn. Wọ́n tilẹ̀ dá ìwọ̀n rẹ̀: kóńgò kan, èyí tí àwọn onígàrí fi ń wọn gàrí lọ́jà. Ohun tí kò bá tó kóńgò kan, ẹ̀rọ kò ní rí i mú, ṣe ni yóò kàn máa fò kiri nínú rẹ̀. "Ata tí kò bá kún ẹnu ẹ̀rọ, ọ̀ṣọ́ ni," ni Ìyá máa ń wí. Wọ́n kú láì rí kí kóńgò náà kún.

Ràbíátù ni orúkọ wọn, ọmọ Ìwó. Gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n ní Ìyá Ṣadé, torí Fọláṣadé, màmá mi, ni àkọ́bí wọn. Ẹ̀rọ wọn wà níwájú ilé tí wọ́n ti yá yàrá, lábẹ́ páànù tó nà jáde. Bẹ́ǹṣì gígùn kan wà níbẹ̀ tí àwọn oníbàárà ń to abọ́ sí. Abọ́ ló ń tò dípò èèyàn. Ẹni tó bá gbé abọ́ rẹ̀ kalẹ̀ lè lọ ra epo, kí ó lọ gbọ́ tẹnu ọ̀rẹ́ rẹ̀, kí ó padà wá bá ipò rẹ̀. Ìyá kò kọ orúkọ sílẹ̀ rí, wọn kò sì ṣi abọ́ mú. Bí wọ́n bá ń lọta, wọn kì í jókòó. Bí ó bá jáde, wọ́n á fi ìka méjì pa á wò, wọ́n á tún un lọ̀ bí ó bá ṣì ní hóró, ì báà jẹ́ pé oníbàárà ń kánjú.

Obìnrin kan fi mọ́tò tuntun wá lọ́jọ́ kan. Àwọn ọdún tí mọ́tò tuntun ń ya wọ Ìsọlọ̀ ni. Ó sọ̀kalẹ̀, ó gbé abọ́ rẹ̀ síwájú gbogbo abọ́.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, mọ́tò wà lójú ọ̀nà."

Ìyá gbé abọ́ náà, wọ́n gbé e lọ sí ìdí bẹ́ǹṣì. "Ìwọ lo ní mọ́tò," ni wọ́n wí fún un. "Abọ́ rẹ ò ní."

Ìyá kò fẹ́ràn ìrìn. Wọ́n máa ń lọ Ìwó lọ́dún Iléyá, wọ́n á sì padà kí ẹran tó tán. Òṣòdì kò jìnnà, síbẹ̀ bí wọ́n bá fẹ́ lọ síbẹ̀, ó di ohun tí wọ́n á múra sí látàná. Bàálù ń gba orí ilé wa kọjá lọ sí pápákọ̀, Ìyá á sì gbójú sókè. "Èyí tó bá ń lọ Mẹ́kà, ẹ bá mi kí wọn o!" Àwọn obìnrin àdúgbò ń lọ Mẹ́kà nígbà náà bí ẹni ń lọ Èjìgbò. Owó epo rọ̀bì ti dé, ẹni tó lọ pẹ̀lú eyín funfun ń padà pẹ̀lú eyín wúrà. Ìyá ti búra pé bàálù àkọ́kọ́ tí àwọn máa wọ̀, Mẹ́kà ni yóò gbé àwọn lọ, bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, àwọn kò wọ̀ ọ́.

Bàbá mi ló ba ìbúra náà jẹ́. Iṣẹ́ ìjọba ni wọ́n ń ṣe, ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú ohun àtijọ́, bí ère àti ògiri ìlú. Ìjọba rán wọn lọ kọ́ṣẹ́ ní Mẹ́síkò, ní ìlú kan tí àkọsílẹ̀ orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Oaxaca, tí ẹnu àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Wahaka. Àwókù ìlú àtijọ́ kan wà lórí òkè níbẹ̀, àwọn tó ń tún un ṣe sì mọ iṣẹ́ náà dunjú. Màmá mi bá wọn lọ, wọ́n sì lóyún níbẹ̀. Èmi ni oyún náà. Ìròyìn dé Ìsọlọ̀ pé kí Ìyá máa bọ̀ wá wẹ ọmọ.

Ìyá ní àwọn kò lọ. Ìyá Súlè, aládùúgbò wọn tó ń ta èédú lódìkejì ọ̀nà, ló wá jókòó tì wọ́n.

"Ìyá Ṣadé, ta ni yóò wẹ ọmọ náà?"

"Ṣé kò sí omi ní Mẹ́síkò ni?"

"Omi wà. Ọwọ́ ńkọ́?"

Ìyá lọ ata ẹni méjì sí i. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pa ẹ̀rọ, wọ́n ní, "Bá mi mójú tó bẹ́ǹṣì yìí. Tí ọmọ bá ti pé ogójì ọjọ́, mo ti dé."

Ẹ wo ohun tí Ìyá dì sínú àpótí: òrí, ọṣẹ dúdú, kànhìnkànhìn, irú tí wọ́n wé léwé tí wọ́n tún fi ọ̀rá wé. Ìdajì àpótí tó kù, ata ni. Ata rodo gbígbẹ, ṣọ̀mbọ̀ gbígbẹ, ata gígún nínú ìgò. Ta ni ó mọ̀ bóyá ata wà lókè òkun? Ìyá ti gbọ́ pé òyìnbó kì í jẹ ata, lójú tiwọn sì rèé, ẹnikẹ́ni tó bá wà ní ìhà kejì omi òkun, òyìnbó ni.

Òṣìṣẹ́ tó ń yẹ ẹrù wò ní pápákọ̀ òfuurufú Mẹ́síkò ṣí àpótí náà. Ó wo ata. Ó wo Ìyá. Ó pe ẹnìkejì rẹ̀, ìyẹn náà pe ẹ̀kẹta. Ọ̀kan tọ́ ata gígún wò, omi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì mi orí bí ẹni tó pàdé ará ilé. Ni gbogbo wọn bá bú sẹ́rìn-ín. Màmá mi tó ti wá pàdé Ìyá, tó sì ti gbọ́ díẹ̀ nínú èdè Sípáníṣì, ló túmọ̀ ohun tí àgbà inú àwọn òṣìṣẹ́ náà sọ: "Ó ní ẹ ṣeun, Ìyá. Ó ní ẹ gbé ọmọ wá kí ìyá rẹ̀."

Nígbà tí mo dàgbà tí mo ń kàwé, mo rí i pé òótọ́ ni ọkùnrin náà sọ. Ìhà ibẹ̀ yẹn ni ata ti wá, ọkọ̀ ojú omi ló gbé e dé ọ̀dọ̀ wa, kò sì tíì pẹ́ tó bí a ṣe rò. Mo sáré lọ sọ fún Ìyá. Wọ́n fetí sílẹ̀ títí mo fi parí, wọ́n sì fi ọwọ́ pa mí lórí. "Ata rodo kọ́ nìyẹn, Àbẹ̀kẹ́. Ata rodo, Ìwó ló ti wá."

Ilé tí bàbá mi yá ní Oaxaca ní àgbàlá láàárín, òkúta rẹ̀ sì dà bí ẹni pé ewéko ti hù nínú rẹ̀, ó ń ṣe bíi àwọ̀ ewé díẹ̀díẹ̀. Òkè yí ìlú náà ká. Màmá mi ní gbogbo ìgbà ni nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀ lójú pópó: aago ilé ìjọsìn, àwọn onífèrè, àwọn obìnrin tó gbé aṣọ híhun sórí wá láti abúlé. Ìyá jókòó sí àgbàlá, wọ́n kọjú sí ẹnu ọ̀nà, wọn kò sì tú àpótí wọn. Nígbà tí wọ́n bí mi tán, bàbá mi bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn jọ lọ wo ìlú àtijọ́ orí òkè, pé àwọn èèyàn ń ti ìdí ayé wá wò ó.

"Ògiri tó wó ni?" ni Ìyá bi wọ́n.

"Ògiri ọba àtijọ́ ni, Ìyá."

"Bàbá Àbẹ̀kẹ́, ògiri tó wó pọ̀ ní Ìwó. Ẹ máa lọ. Ọmọ ni mo wá wẹ̀."

Ìyá sì wẹ̀ mí. Wọ́n wẹ̀ mí láàárọ̀, wọ́n wẹ̀ mí lálẹ́, wọ́n fi òrí na gbogbo oríkèé mi, wọ́n fi omi gbígbóná jó màmá mi nínú títí àwọn ará ilé tó fara tì wá fi wá bèèrè bóyá ohun kan ń ṣe wọ́n. Láàárín ìwẹ̀ àti ìwẹ̀, Ìyá ń ka ọjọ́.

Ó di àárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n so mí mọ́ ẹ̀yìn, wọ́n ń rìn káàkiri àgbàlá kí n lè sùn. Ni atẹ́gùn bá gbé ìró kan wá. Ìyá dúró. Wọ́n ní ara àwọn mọ̀ ọ́n kí orí àwọn tó mọ̀ ọ́n: ẹ̀rọ ìlọta ni, ó sì ti ń lọ nǹkan líle. Obìnrin tí kò tíì gbẹ́sẹ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà gbé abọ́ ní ilé ìdáná, wọ́n kó tòmátì àti ata díẹ̀ sí i, wọ́n sì tẹ̀ lé ìró náà. Màmá mi jí, kò bá ìyá, kò bá ọmọ.

Ilé ẹ̀rọ náà wà ní ìgun òpópónà. Ìyá wo inú rẹ̀, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Garawa àti abọ́ tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ nílẹ̀, àwọn tó ni wọ́n ń tàkúrọ̀sọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Abọ́ ló ń tò níbẹ̀ náà! Ìyá gbé tiwọn sí ìdí, wọ́n dúró.

Ẹ̀rọ mẹ́ta ló wà. Àkọ́kọ́ ń lọ àgbàdo, ó kún. Èkejì ń lọ ata, ó kún. Ẹ̀kẹta kò ṣe nǹkan kan, obìnrin tó ni ilé ẹ̀rọ sì kẹ́yìn sí i. Ní Ìsọlọ̀, ẹ̀rọ kì í sinmi kí ata máa dúró. Ẹ̀rọ kan náà ló ń lọ ata, tó ń lọ ẹ̀wà, tó ń lọ ẹ̀gúsí, omi díẹ̀ ni wọ́n á fi ṣàn án. Nígbà tó kan abọ́ Ìyá, wọ́n da ata àti tòmátì wọn sínú ẹ̀rọ kẹta, wọ́n sì tan iná rẹ̀ bí ẹni tó wà nílé.

Ẹ̀rọ kòkó ni. Kòkó, súgà àti èèpo igi olóòórùn dídùn nìkan ni ó ń lọ̀, kò sì tíì fojú kan omi láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e dé. Kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀, ìyá arúgbó kan ti da kòkó tirẹ̀ tẹ̀ lé ata Ìyá. Ohun tó jáde pupa, ó dúdú, ó ń fò.

Ẹni tó ni ilé ẹ̀rọ figbe ta. Ìyá kò gbọ́ èdè rẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyá mọ ìjà nígbà tí wọ́n bá rí i.

"Ṣé ẹ̀rọ ọba ni?" ni Ìyá ń wí lédè Yorùbá. "Ẹ̀rọ dúró lásán, ẹ ní kí n máa wò ó?"

Obìnrin náà fèsì ní Sípáníṣì, ó ń na ọwọ́ sí ẹ̀rọ.

"Má na ọwọ́ sí mi o! Ọmọ wà lẹ́yìn mi!"

Ibi tí màmá mi ti bá wọn nìyẹn, wọ́n sáré dé pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. Wọ́n túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún ẹni méjèèjì. Nígbà tí Ìyá gbọ́ pé ẹ̀rọ kòkó ni, wọ́n kúnlẹ̀ fún ìyá arúgbó náà, wọ́n sì pọ̀n mí lọ sílé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ilé ẹ̀rọ tó ṣí, Ìyá ti wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì, àkísà gbígbẹ àti àgbàdo gbígbẹ. Obìnrin náà wò wọ́n, ó ṣílẹ̀kùn. Ìyá tú ẹ̀rọ kòkó náà palẹ̀, wọ́n fọ àwọn irin inú rẹ̀, wọ́n nù ún gbẹ, wọ́n dá a padà, wọ́n sì fi àgbàdo lọ inú rẹ̀ títí àgbàdo fi jáde ní funfun. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ahọ́n tọ́ irin rẹ̀ wò lójú obìnrin náà, wọ́n ní kí ó tọ́ ọ wò. Ó tọ́ ọ. Kò sí ata.

Bàbá mi ra kòkó míì fún ìyá arúgbó náà. Arúgbó gbà á, ó dúpẹ́, ó sì béèrè ohun kan tí màmá mi kọ́kọ́ rò pé àwọn kò gbọ́ dáadáa. Ọkọ rẹ̀ ti mu kòkó aláta ti àná tán, ó ní ṣé ó kù.

Ìyá máa ń rẹ́rìn-ín débi pé wọ́n á di ẹ̀gbẹ́ mú bí wọ́n bá sọ ọ́ débẹ̀. "Ẹ̀rọ ló parí ìjà náà," ni wọ́n máa ń wí. "Títí di òní, mi ò mọ ohun tí a bá ara wa sọ."

Rosario ni orúkọ ẹni tó ni ilé ẹ̀rọ. Ìyá kò gbà láti pè é bẹ́ẹ̀. Obìnrin tó ti bímọ, kí èèyàn máa pè é lórúkọ bí ọmọdé? Wọ́n ní kí màmá mi béèrè orúkọ àkọ́bí rẹ̀. Rosa ni. Ó di Ìyá Róósà láti ọjọ́ náà, kò sì pẹ́ tí àwọn oníbàárà fi ń pè é bẹ́ẹ̀ láti fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ojoojúmọ́ ni Ìyá ń lọ síbẹ̀, èmi lẹ́yìn wọn. Àwọn obìnrin ibẹ̀ náà ń pọnmọ, aṣọ gígùn kan ni wọ́n ń gbé gba èjìká, ọmọ á fara ti ìhà wọn. Ìyá wo ìyẹn fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí wọ́n dé Ìsọlọ̀, wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ fún Ìyá Súlè: "Wọ́n ń so ọmọ bí ẹni gbé àpò. Ṣùgbọ́n ọmọ ò já."

Ogójì ọjọ́ dé, ó kọjá. Màmá mi retí kí Ìyá sọ̀rọ̀ ilé, wọn kò sọ ọ́. Wọ́n ti tú àpótí. Nígbà tó yá, màmá mi bi wọ́n.

"Ìyá, ṣé ẹ ò lọ mọ́ ni?"

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ lọ?" ni Ìyá dáhùn. "Ọdún òkú wọn ń bọ̀. Iṣẹ́ á pọ̀ lọ́dọ̀ Ìyá Róósà."

Ní ọdún náà, gbogbo ilé ń tẹ́ tábìlì fún àwọn òkú wọn: òdòdó olómi ọsàn, búrẹ́dì, èso, àti ọbẹ̀ dúdú kan tí ata dúdú wà nínú rẹ̀. Wọ́n á yan ata náà lórí iná kí wọ́n tó gbé e wá sí ilé ẹ̀rọ, gbogbo òpópónà á sì máa wúkọ́. Ìyá nìkan ni kò wúkọ́. Àárín ẹ̀fín yẹn ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbóòórùn ata tí kì í pariwo.

Ìyá Róósà mú wọn wọ inú ilé, ó fi àwòrán ìyá rẹ̀ tó ti kú hàn wọ́n lórí tábìlì. Màmá mi túmọ̀: òórùn ata yìí ni òkú fi ń mọ ilé. Bí wọn kò bá lọ̀ ọ́, yóò ṣìnà. Mùsùlùmí ni Ìyá, wọn kò sì fẹ́ dá sí ọ̀ràn náà. "Mi ò bá wọn jẹ nínú ohun tí wọ́n gbé fún òkú," ni wọ́n sọ fún mi. "Ṣùgbọ́n èmi ni mo lọ ata ìyá rẹ̀ lọ́dún yẹn. Mo lọ̀ ọ́ kúnná."

Ìyá ní àwọn yóò gbé ata yìí lọ sílé, àwọn yóò gbìn ín. Ìyá Róósà rẹ́rìn-ín. Ó ní kò ní so. Àfonífojì kan ṣoṣo ni ó ti ń so dáadáa, ibòmíràn ní Mẹ́síkò gan-an ń gbìn ín tì. "Yóò so," ni Ìyá wí. "Màá lọ̀ ọ́ ní Ìsọlọ̀." Lẹ́yìn náà ni obìnrin tó kọ̀ láti gun òkè lọ wo ògiri ọba sọ pé kí wọ́n mú àwọn lọ sí àfonífojì náà, kí àwọn fojú ara àwọn rí ilẹ̀ tó ń hù ú. Bọ́ọ̀sì gbé wọn sọ̀ kalẹ̀ láàárín òkè, Ìyá bo ojú ní gbogbo ọ̀nà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n bu yẹ̀pẹ̀ sọ́wọ́. Mo ti gbọ́ ohun tí wọ́n sọ nípa rẹ̀ léraléra débi pé n kò gbọ́ ọ mọ́: "Odò ń ṣàn níbẹ̀, ṣùgbọ́n òjò kì í rọ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ gbẹ bí ètè ẹni tó ń gbààwẹ̀."

Nígbà tí ẹ̀kọ́ bàbá mi parí, tí gbogbo wa ń padà sílé, Ìyá Róósà so ata dúdú bí ẹ̀gbà ọrùn, ó sì fi kọ́ Ìyá lọ́rùn ní ibùdókọ̀. Bí Ìyá ṣe wọ Ìsọlọ̀ nìyẹn, èmi lẹ́yìn, ata lọ́rùn. Ìyá Súlè dìde nídìí èédú.

"Ẹ káàbọ̀ o, Àlhájà!"

"Àlhájà wo? Ṣé Mẹ́kà ni mo lọ?"

"Ẹ wọ bàálù, ẹ pẹ́ níbẹ̀, ẹ padà wálé pẹ̀lú ohun ọ̀ṣọ́. Àlhájà Mẹ́síkò!"

Orúkọ náà kò kúrò mọ́. Ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, Ìyá lọ Mẹ́kà ní tòótọ́, wọ́n sì dé pẹ̀lú ìkìlọ̀ pé Àlhájà lásán ni kí gbogbo èèyàn máa pe àwọn. Ìyá Súlè ronú sí i. "Kò burú," ni wọ́n wí. "Àlhájà Mẹ́kà àti Mẹ́síkò."

Ohun àkọ́kọ́ tí Ìyá ṣe nígbà tí wọ́n dé láti Mẹ́síkò ni pé wọ́n ra ẹ̀rọ kejì. Àwọn oníbàárà rò pé ìtò yóò yá. Ìyá ní rárá, ọ̀kan fún ata, ọ̀kan fún ẹ̀wà. Bí ẹ̀rọ ẹ̀wà bá wà lásán, tí abọ́ ata ogún bá tò, kí ó máa wà lásán. Ìjà ìyẹn pọ̀! Ṣùgbọ́n àwọn alákàrà láti Òkè-Àfá bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá ẹ̀rọ mẹ́ta lójú ọ̀nà kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ Ìyá, torí ẹ̀wà tí Ìyá lọ̀ kì í ta ọmọdé lẹ́nu. "Ẹ̀rọ kan ti bú mi lókè òkun," ni Ìyá ń sọ fún ẹni tó bá ráhùn. "Ti Ìsọlọ̀ ò ní bú mi."

Ata dúdú nìkan ló kọ̀ wọ́n lẹ́nu. Lọ́dọọdún, bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, Ìyá á gbìn ín sẹ́yìn ilé bí a ṣe ń gbin ata níhìn-ín. Yóò hù, yóò yọ òdòdó, òjò yóò gbọn òdòdó náà dànù. Èyí tó bá so, ìdí rẹ̀ á jẹrà. Ọdún tó dára, èso mẹ́rin, márùn-ún. Ìyá á jẹ́ kí wọ́n gbẹ, wọ́n á yọ irúgbìn fún ọdún tó ń bọ̀, wọ́n á kó o sínú agolo. Àwọn tó wá lọta ń fi wọ́n ṣe ẹ̀fẹ̀.

"Àlhájà Mẹ́síkò, ata yín ti so?"

"Ó ń ronú," ni Ìyá máa ń wí.

Mo ti dàgbà, mo ti ń ránṣọ, nígbà tí Ìyá dùbúlẹ̀ àìsàn ìkẹyìn. Màmá mi ń wẹ̀ wọ́n, wọ́n ń fi òrí na oríkèé Ìyá. Èso mẹ́sàn-án ni igi ata náà so lọ́dún yẹn, wọn kò rí iye bẹ́ẹ̀ rí. Mo ká a, mo gbé e wá síbùsùn nínú kóńgò. Ìyá wo ìdí kóńgò níbi tí èso mẹ́sàn-án náà sùn sí, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo retí kí wọ́n sọ pé ó tó. Kò sí ẹni tó máa bá wọn jiyàn.

"Kò tíì kún," ni wọ́n wí.

Wọ́n fi agolo náà sílẹ̀ fún mi.

Ọdún púpọ̀ ni èmi náà fi ń gbìn ín tì. Mo ya á sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ ata rodo. Mo fi eérú sí i, mo fi omi ewé dóńgóyárò fọ́n kòkòrò rẹ̀. Ó ń dàgbà, ó lẹ́wà, kò so. Ọjọ́ orí irúgbìn inú agolo sì ń lọ, nítorí irúgbìn ata kì í dúró de èèyàn títí. Mo ti ń rò ó pé bóyá Ìyá Róósà ló jàre.

Ààwẹ̀ wá bọ́ sí ìgbà ọyẹ́ lọ́dún kan. Mo jókòó nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ ní ọ̀sán, mo fi ahọ́n kan ètè mi, ó ti là. Mo fi ọwọ́ kàn án. Ni ọwọ́ mi bá dúró lẹ́nu. *Gbẹ bí ètè ẹni tó ń gbààwẹ̀.* Ìyá ti sọ ọ́ fún mi láti kékeré! Ata yìí kò fẹ́ òjò. Omi nídìí ni ó fẹ́, bí omi odò, kí orí rẹ̀ wà nínú oòrùn àti atẹ́gùn gbígbẹ. Òjò ni gbogbo wa fi ń gbìn ín, torí òjò ni a fi ń gbin ata.

Mo yí gbogbo rẹ̀ padà. Ìgbà tí òjò bá ń parí lọ ni mo ń sọ irúgbìn báyìí, kí ó lè yọ òdòdó nígbà tí ọyẹ́ bá dé. Inú kẹ́ẹ̀gì dúdú tí mo gé lórí ni mo ń gbìn ín sí lórí òrùlé pẹrẹsẹ tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi, mo na ọ̀rá sókè rẹ̀ nítorí òjò tó bá ṣèèṣì. Ìdí nìkan ni mo ń bomi rin, omi kì í kan ewé. Bí òdòdó bá yọ, mo ń fi ìka ta ọrùn rẹ̀ láàárọ̀ kí ìyẹ̀fun rẹ̀ lè bọ́ sí ibi tó yẹ. Ọdún àkọ́kọ́, kóńgò dé ìlàjì. Ọdún kejì, kòkòrò funfun bà á jẹ́. Èyí tí a wà nínú rẹ̀ yìí, igi mẹ́jọ ló dúró, gbogbo wọn ló so. Èso wọn kọ́kọ́ jẹ́ àwọ̀ ewé, wọ́n sì ṣókùnkùn díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n fi dà bí igi ìrókò tí wọ́n fi epo pa.

Mo sá wọn. Mo gbé wọn lọ sí Ìsọlọ̀, níbi tí ẹ̀rọ Ìyá méjèèjì ṣì wà lábẹ́ páànù náà, lọ́wọ́ àbúrò màmá mi. Mo gbé kóńgò sórí bẹ́ǹṣì, mo tò ó sẹ́yìn àwọn abọ́ tó ti wà níbẹ̀, mo sì dúró dè é kí ó kàn án. Ìyá Súlè ti darúgbó, ọmọ wọn ló ń ta èédú báyìí. Wọ́n ní kí wọ́n gbé àga àwọn wá sí ìdí ẹ̀rọ.

"Ata Mẹ́síkò yẹn náà ni?"

"Òun ni, Ìyá Súlè."

"Jẹ́ n wò ó." Wọ́n ti ọwọ́ bọ inú kóńgò, ọwọ́ wọn kò lè wọlé ju ìka lọ. Wọ́n gbójú sókè sí òkè ibi tí bàálù ti ń kọjá. "Àlhájà," ni wọ́n wí, "ó ti ronú tán o."

Mo da ata náà sẹ́nu ẹ̀rọ. Kò fò kiri. Ẹ̀rọ náà mú un, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, òórùn náà sì jáde: ẹ̀fín, èso tó pọ́n jù, lẹ́yìn náà ata. Kò sí ẹni tó sín. Mo fi ìka méjì pa á wò, ó ní hóró díẹ̀, mo tún un lọ̀.

Irúgbìn tuntun ti wà nínú agolo. Ti ọdún yìí nìyí: igi mẹ́jọ, èso mẹ́tàdínláàádọ́ta, kóńgò kan, ó kún dé ẹnu.